Ìpalára tí kì í ṣẹ̀jẹ̀: dísìkì ẹ̀yìn, ìjàm̀bá ọkọ̀ àti owó gbà-má-bínú

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì láti béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì tí gbogbo wa mọ̀ sí third party. Ariwo ta nígbà náà. Àwọn kan ní ọgbọ́n àtigbowó lọ́wọ́ aráàlú ni, àwọn kan sáré lọ ra ìwé ₦15,000 náà kí wọ́n lè ráyè kọjá. Nínú gbogbo awuyewuye yẹn, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe ni. Owó tó wà lẹ́yìn ìwé yẹn, èrò inú danfo ló ni ín, àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ létí títì, àti ọlọ́kọ̀ tó dúró jẹ́jẹ́ tí wọ́n wá rọ́ lù láti ẹ̀yìn.

Nínú àwọn tó ń fara pa ọ̀hún, ẹni tí kò ṣẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ máa ń tètè sọnù. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kà á pé ìjàm̀bá 9,570 ló ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2024, èèyàn 5,421 ló sì bá a lọ. Àwọn tó fara pa lé ní 30,000. Àwọn tí wọ́n rí ni wọ́n kà: ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tí eegun rẹ̀ dá, ẹni tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ aláìsàn. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó gbọn aṣọ rẹ̀, tó ní "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò ṣe mí ní nǹkan kan," tó sì wọ ọkọ̀ míì lọ sílé, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé dísìkì ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má parí ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá létí títì, torí ẹ̀yìn kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó bá fara gbá a.

Ohun tó ń bẹ́ nínú ẹ̀yìn

Eegun kéékèèké ni wọ́n tò léra wọn tó fi di ọ̀pá ẹ̀yìn: méje ní ọrùn, méjìlá lẹ́yìn àyà, márùn-ún ní ìbàdí, kó tó wá kan eegun ìdí. Láàárín eegun kan sí èkejì ni dísìkì wà, mẹ́tàlélógún ni gbogbo wọn. Òun ló jẹ́ ká lè bẹ̀rẹ̀, ká yíra, ká gbẹ́rù, láìjẹ́ pé eegun ń ha eegun. Bí ẹ bá ti di ẹ̀kọ tútù mú nínú ewé rí, ẹ ti mọ bí dísìkì ṣe rí. Ìta rẹ̀ yi, ó wé mọ́ inú pinpin. Inú rẹ̀ rọ̀, ó ń yọ̀. Tí ẹ bá fi agbára tẹ ẹ̀kọ náà lójijì tí ewé rẹ̀ sì ya, ibi tó ya ni ẹ̀kọ máa gbà yọ.

Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ti dísìkì sábà máa ń yọ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí apá àti ẹsẹ̀ ti ń jáde. Bó bá ti lè tẹ irú iṣan bẹ́ẹ̀, ìrora ò ní dúró sí ẹ̀yìn mọ́. Ti ìbàdí á gba ìdí, á gba ẹ̀yìn itan, á kọjá orúnkún, ó lè dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ti ọrùn á gba èjìká bọ́ sí apá, ìka ọwọ́ á máa kú tipiri. Ìdí nìyí tí ẹlòmíì fi ń ra ẹsẹ̀ ní òróró láti oṣù dé oṣù nígbà tó jẹ́ pé ìbàdí ni ọ̀rọ̀ wà, tí ẹlòmíì sì ń sọ pé ayé ló ń fi ọwọ́ òun ṣeré.

Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé èèyàn. Ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọkọ̀ yín dúró, ọkọ̀ míì rọ́ lù yín láti ẹ̀yìn. Ìjókòó ti ara yín síwájú, orí kù sẹ́yìn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, orí ti jù síwájú padà. Ọrùn ló gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ní ti ìbàdí, ẹni tó tẹ̀ba, tàbí tó yíra padà láti gba ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́, ni ó máa ń burú fún jù, torí dísìkì tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n tún lọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń tètè ya.

Ẹ wo inú danfo dáadáa nígbà míì tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Irin ni wọ́n jó pọ̀ ṣe àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi fóòmù pẹlẹbẹ bò ó, ohun tí wọ́n fi wé fóòmù náà ti ya ní igun méjèèjì. Ibi tí ẹ̀yìn ìjókòó ga dé kò kọjá abẹ́ èjìká. Kò sí ohun tí orí lè sinmi lé, kò sí bẹ́líìtì fún ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn awakọ̀. Èèyàn mẹ́rin há mọ́ra níbi tó yẹ kí mẹ́ta jókòó, ẹni tó wà lórí ìjókòó kékeré ẹnu ọ̀nà kò sì ní ohun gidi tó fẹ̀yìn tì. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tó bá gbókìtì kí ẹ̀yìn èèyàn tó bàjẹ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìpayà máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Ara tó bẹ́ náà nílò àkókò láti wú. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, kí ìwúlé yẹn tó tẹ iṣan dáadáa. Ibi tí àwọn aráàlú ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn nìyí.

Bọ́m̀pà rí owó gbà, ẹ̀yìn kò rí

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn. Ó wọ Micra láti Ìwó Road, Corolla kan já wá láti ẹ̀yìn, ó rọ́ lù wọ́n. Èrò pé jọ. "Ẹ dúpẹ́ o, ẹ̀mí ò lọ!" Ọmọkùnrin tó wa Corolla dọ̀bálẹ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ọmọ yín ni mí." Onímáíkírà ò gbà, ó ní bọ́m̀pà òun ti wó, iná ẹ̀yìn òun ti fọ́. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí i lórí fóònù níbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn wá yí sí màmá, ó fún wọn ní ₦5,000: "Mọ́mì, ẹ fi ra oògùn." Màmá gbàdúrà fún un. Oníkálukú bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, màmá ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé ẹnìkan fà wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ òsì ti ń wọ́ nílẹ̀, wọn ò lè gbé ìdì aṣọ mọ́. Ta ni kí wọ́n bá sọ ọ́? Ẹnikẹ́ni ò kọ nọ́mbà ọkọ̀ sílẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan ní tèṣàn. Kò sí ìwé dókítà tó fi hàn pé lọ́jọ́ báyìí, ìjàm̀bá báyìí ṣẹlẹ̀. Bọ́m̀pà àti iná ẹ̀yìn rí owó gbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn màmá ò rí kọ́bọ̀, bí a bá yọ owó paracetamol kúrò.

Mi ò bú ìyá náà, mi ò sì bú èrò tó pé lé wọn lórí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì sọ nípa àwọn tó jọ ń gbé àdúgbò kan náà tí wọ́n á tún ríra wọn lọ́la. Ṣùgbọ́n kíkọ ìwé sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kì í ṣe pípe ọmọ ẹlòmíì lẹ́jọ́. Ọmọ ọ̀hún ti san owó tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ra ìwé third party. Nítorí irú ọjọ́ yẹn ló ṣe san án. Tí màmá ò bá béèrè, ọmọ náà ò jèrè kankan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń kó owó náà pamọ́.

Ohun tí òfin wí

Ó ti pẹ́ tí third party ti di dandan ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1945 ti wà lórí ẹ̀, òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 tún un tẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí Ààrẹ Bola Tinubu sì buwọ́ lù lọ́dún 2025, Nigerian Insurance Industry Reform Act, wá rọ́pò èyí ọdún 2003 láìmú dandan náà kúrò. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, ti sọ owó ìwé ọkọ̀ aládàáni di ₦15,000 láti ₦5,000. Pẹ̀lú rẹ̀, iye tí ìnṣọ́ránsì lè san lórí dúkìá tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́ di ₦3,000,000. Dúkìá ni ₦3,000,000 yẹn wà fún o: ọkọ̀, ògiri, ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀tọ̀ ni ti ikú àti ti ìpalára ara, ó sì ń dùn mí bí àwọn oníbárà ṣe máa ń gbọ́ ₦3,000,000 tí wọ́n á rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara èèyàn parí sí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ayédèrú. Ìwé tó wà lójú gíláàsì ọkọ̀ ẹlòmíì, ọwọ́ àwọn oníjìbìtì ló ti wá, kò sí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, askniid.org, ẹ tẹ nọ́mbà ọkọ̀ sí i, ó máa sọ bóyá ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà jẹ́ ojúlówó àti iléeṣẹ́ tó ni í. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó ṣe iyebíye jù lọ tí ẹ lè mú kúrò níbi ìjàm̀bá ni nọ́mbà ọkọ̀. Ẹ fi fóònù ya á. Ẹ ya ojú ọkọ̀ méjèèjì kí wọ́n tó sún wọn kúrò lójú títì. Ẹ gba nọ́mbà fóònù ẹnìkan tó rí i, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ta gúgúrú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sí tèṣàn tó sún mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn fara gbá a, kí wọ́n má kàn kọ ọkọ̀ nìkan. Nọ́mbà FRSC ni 122.

Ọjọ́ náà gan-an, tàbí ọjọ́ kejì tó bá pẹ́ tán, kí dókítà rí yín, kódà bí ẹ ò bá tíì mọ ìrora. Ẹ sọ fún un pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ni, kí ó kọ déètì sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé pàjáwìrì ni, ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ lé yín torí owó tàbí torí ìwé ọlọ́pàá: òfin ìlera ọdún 2014, abala 20, ló kà á léèwọ̀, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì, sì wà fún ẹni tó bá rú u.

Láti gba owó gbà-má-bínú, ẹ óò fi hàn pé awakọ̀ náà kò kíyè sára tó bó ṣe yẹ, pé àìkíyèsára rẹ̀ ló fa ìpalára, àti pé ẹ pàdánù nǹkan gidi. Àwọn adájọ́ Nàìjíríà kì í fi ojúure wo owó tí èèyàn ní òun ná láìní ìwé. Owó X-ray, owó MRI (ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara), owó físíò, oògùn, bẹ́líìtì ìbàdí, owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, owó iṣẹ́ tó fò yín ru: gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹ máa tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi rìsíìtì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìrora, oorun tí ẹ ò rí sùn, ọmọ tí ẹ ò lè pọ̀n mọ́, ìyẹn ni adájọ́ máa fi ojú inú díwọ̀n. Fún ẹni tó ń tajà, tí kò ní ìwé owó oṣù, ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà àti àkọsílẹ̀ báńkì yín ṣáájú ìjàm̀bá ló máa fi hàn pé ẹ̀ ń rí nǹkan tẹ́lẹ̀.

Àkókò náà tún wà ńbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 3 ni òfin fún ẹni tó fara pa láti pẹjọ́. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló wa ọkọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè dín in kù sí oṣù 3 péré. Oṣù 3! Ẹlòmíì ò tíì ṣe MRI tán nígbà tí ìyẹn máa fi pé.

Nígbà tí wọ́n bá ní ọjọ́ orí yín ló fà á

Ibi tí ìjà dísìkì ti máa ń le jù lọ nìyí, níbi gbogbo láyé. X-ray kì í fi dísìkì hàn, eegun ló ń fi hàn, nítorí náà "X-ray ò rí nǹkan kan" kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. MRI ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àbájáde MRI yẹn, kí ẹ kà á. Ẹ ó rí L4/L5 tàbí L5/S1, ìyẹn ìsàlẹ̀ ìbàdí tí ti ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń bẹ́. Ti ọrùn á máa jẹ́ C5/C6 tàbí C6/C7. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó rí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan: "degenerative". Ohun tó ń sọ ni pé dísìkì náà ti gbó díẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ kan yẹn ni lọ́yà ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa fi ìka lé: "Olúwa mi, arúgbó ara ni, kì í ṣe ìjàm̀bá."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 kó àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nínú àwọn ẹni ogún ọdún, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni dísìkì wọn ti wú síta. Nínú àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, 84. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọn ò mọ̀. Àwòrán nìkan ò lè sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà yẹn ń gbè yín. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní dísìkì tó gbó láìmọ ìrora, a jẹ́ pé gbígbó nìkan kọ́ ló sọ ìyá Gbági di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó fara mọ́ èyí: ẹni tó bá ṣe èèyàn léṣe, bó ṣe bá a ni yóò ṣe gbà á. Kò lè sọ pé ká ní ẹlòmíì tó le ni òun kọ lù ni, kò bá má rí bẹ́ẹ̀. Tí ìjàm̀bá bá mú ẹ̀yìn tó ti rẹ̀ díẹ̀ burú sí i, iye tó fi burú sí i ni ẹ lè béèrè owó lé lórí.

Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹ́gun níbẹ̀ ni ìtàn tí ìwé fi gbè lẹ́sẹ̀. Kí dókítà kọ ọ́ pé ẹ ò wá gba ìtọ́jú ẹ̀yìn rí kó tó di ọjọ́ ìjàm̀bá. Kí káàdì físíò ní déètì gbogbo ìgbà tí ẹ lọ. Kí ẹ má parọ́ tí ẹ̀yìn bá ti ń dùn yín díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí nígbà náà àti bó ṣe rí báyìí, torí irọ́ kan tí wọ́n bá ká mọ́ yín lọ́wọ́ máa pa òótọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó fi oṣù mẹ́rin jókòó sílé tó ń mu àgbo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá dókítà, ti fún lọ́yà òdìkejì ní gbogbo ohun tó ń fẹ́.

Mi ò kórìíra àgbo, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kórìíra àwọn tó ń to eegun. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọrùn tàbí fi ẹsẹ̀ tẹ ìbàdí tí dísìkì rẹ̀ ti bẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí dísìkì wọn bẹ́ ni ara wọn máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́ta pẹ̀lú oògùn, físíò àti sùúrù, iṣẹ́ abẹ kì í kàn wọ́n. Èyí tí kò gba sùúrù ni tí ojú ara àti ìdí bá kú tipiri, tí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde tàbí tí èèyàn ò lè dá ìgbẹ́ dúró mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ. Wákàtí ni wọ́n ń kà nínú irú èyí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ náà, níbi tí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wà. UCH Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1962 tí Latunde Odeku ti dá ẹ̀ka náà sílẹ̀. Ìmọ̀ náà ò jìnnà sí wa.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa gbé wá fún yín láti fọwọ́ sí kí wọ́n tó san owó. Discharge voucher ni wọ́n ń pè é. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé owó yìí ló parí ohun gbogbo, ẹ ò tún ní padà wá. Ẹni tí wọ́n gbé e fún ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí ojú ọjà ti ń pè, á fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹfà, dókítà ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan títí dókítà á fi lè sọ ibi tí ẹ̀yìn yín máa dúró sí.

Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kéré. Òfin Employee's Compensation ọdún 2010 sọ ọ́ di dandan kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Tí ìjàm̀bá bá bá òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́, tàbí nígbà tó ń bọ̀, ó ka sí ìjàm̀bá ẹnu iṣẹ́, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Kò sì kan ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi. Kí òṣìṣẹ́ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14, kí ìwé ìbéèrè owó sì dé ọ̀dọ̀ NSITF kí ọdún kan tó pé. Mélòó nínú àwọn tó ń gba Third Mainland Bridge láràárọ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni èyí?

Fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, Office of the Public Defender wà ní Èkó, Citizens' Mediation Centre náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ìpẹ̀tù dípò ẹjọ́. Káàkiri Nàìjíríà, Legal Aid Council wà, ìbéèrè owó lórí ìjàm̀bá sì wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n gbà rò fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó. Tí ẹ bá gba lọ́yà fúnra yín, ẹ fẹnu kò lórí iye tó máa gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí lọ́yà náà sì fi tó iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì létí kó tó pẹjọ́, kí wọ́n má baà wá sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ò gbọ́.

Ní òkè ibodè àti lẹ́yìn òkun

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, òfin ìnṣọ́ránsì kan náà ni wọ́n jọ ń lò, Code CIMA. Nínú òfin yẹn, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló gbọ́dọ̀ gbé iye owó kan wá síwájú ẹni tó fara pa láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ ìjàm̀bá, ì báà béèrè, ì báà má béèrè. Èmi gbà pé bó ṣe yẹ kó rí ní Nàìjíríà náà nìyẹn. Ẹni tí ọkọ̀ tó ti Èkó wá bá kọ lù ní Kútọnu tàbí ní Sẹ̀mẹ̀, kó béèrè Brown Card ECOWAS ọkọ̀ náà. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu lọ́dún 1982 ló fi ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kọjá ibodè.

Àwọn ará wa ní London, ọdún 3 ni tiyín, tí awakọ̀ bá sì sá lọ tàbí tí kò ní ìnṣọ́ránsì, Motor Insurers' Bureau ni ẹ máa kọ̀wé sí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni England àti Wales ti fi iye pàtó sí ìpalára ọrùn tí wọ́n ń pè ní whiplash. Iye náà kéré. Dísìkì tó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára lè kọjá ohun tí òfin yẹn pè ní whiplash, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo MRI yín kí ẹ tó gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ. Ní Houston àti gbogbo Texas, ọdún 2 ni. Ní New York, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ́ ní láti kọ ìwé sí ìnṣọ́ránsì fún owó ìtọ́jú, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti ń yẹ ìwé third party wò báyìí, ni kí wọ́n máa lò ó níbi tó ti wúlò jù. Níbi ìjàm̀bá, kí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì àti nọ́mbà ìwé náà sílẹ̀, kí wọ́n fún olúkúlùkù tó wà nínú ọkọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ kó tó lọ sílé, títí kan ẹni tó ní òun ò fara pa. Ẹni tí ìjàm̀bá tirẹ̀ bá sì ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ò tíì fi sílẹ̀, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kó sì wá nọ́mbà ọkọ̀ náà lọ́wọ́ awakọ̀ tàbí ní gáréèjì tó ti wọkọ̀. Tó bá jẹ́ Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, tí kò sì tíì pé ọdún 3, òfin ṣì fàyè gbà á láti béèrè.